Ọbẹ̀ Kíkorò Ilé Àlejò Dougouba

Òyìnbó kejì dojú bolẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, àwọn ọlọ́pàá Bouaké, ní Ivory Coast, ti rí ẹni tí wọn yóò mú. Wọn kò wá a jìnnà. Obìnrin tó se oúnjẹ náà ni wọ́n mú. Anago ni, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, Mùsùlùmí ni, ó sì ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́. Ní ìlú tí rédíò ti ń bi ènìyàn láràárọ̀ pé ọmọ ta ni ọ́, ta ni yóò tún máa wá ẹ̀rí mìíràn kiri?

Sàfúrátù lorúkọ obìnrin náà. Àkàrà rẹ̀ gan-an la fi ń ṣínu ní àgbàlá mọ́ṣáláṣí wa ní àdúgbò Dougouba nígbà tí ìròyìn náà dé. Èmi àti Tàjúdínì, ọmọ olóògbé Ọlábọ̀dé, là ń jìjàdù àwọn tó kù nínú abọ́. Mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọkùnrin tó ń jẹun báyìí, kí ó tètè fẹ́yàwó kó tó jẹ àwa àgbàlagbà tán. Ẹnì kan sáré wọlé, ó ní wọ́n ti wá mú Sàfúrátù nídìí ààrò. Àkàrà bọ́ lọ́wọ́ Tàjúdínì, ó bọ́ lọ́wọ́ èmi náà. Kò sí ẹni tó tún fẹnu kan nǹkan mọ́ nínú wa.

Lùkmọ́nù ni èmi. Mo ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù Bouaké títí irun mi fi funfun. Yorùbá, Jùlá, Haúsá, Faransé, kò sí èyí tí n kò tíì gbọ́ irọ́ nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní iṣẹ́ náà tọ́ sí ọmọ onílé, wọ́n fi ọmọ kan tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan rọ́pò mi. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní purọ́. Orúnkún ń dùn mí, ọyẹ́ ń fẹ́, mo sì ti pinnu pé n kò ní gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò mọ́. Ṣùgbọ́n Sàfúrátù bá wa kúrò ní Kumasi lọ́dún 1969, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan náà tí mo wà. Ó kéré nígbà náà, orí ẹrù ìyá rẹ̀ ló sùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sílé?

*

"Vieux, ẹ má wulẹ̀ jókòó," ni Ìsípẹ́kítọ̀ Kouassi fi kí mi ní àgọ́ ọlọ́pàá ní àárọ̀ Ọjọ́rú; vieux ni wọ́n fi ń pe àgbàlagbà níbẹ̀. Ọmọ Baoulé ni, kì í ṣe ènìyàn burúkú. A ti jọ ṣiṣẹ́ rí. "Ẹjọ́ yìí ti parí."

Mo jókòó. "Bí ó bá ti parí, sọ bí ó ṣe parí fún mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Bùróò kan wà ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wá ọ̀gá láti òkè òkun. Oko ìrèké kan ń bẹ lókè àríwá lọ́hùn-ún, Tiésso-Koro, tí kò rí dirẹ́tọ̀ tó lè gbé ibẹ̀. Ilé àlejò tó wà ní Dougouba ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn wọ̀ sí. Láàárín oṣù yìí, ará Kánádà kan ṣàìsàn níbẹ̀, ó ti sá padà sílùú rẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e, Mùsíyé Perrin, ló wà ní ọsibítù báyìí. Dókítà ní ohun tí wọ́n jẹ ni. Obìnrin yẹn ló sì se oúnjẹ fún àwọn méjèèjì."

"Ta ló rí i pé ó bu nǹkan sí i?"

"Ta ni yóò rí i? Òun nìkan ló ń wà nínú kíṣínì."

"Ẹlòmíràn ò jẹ nínú rẹ̀?"

"Mùsíyé Thierry jẹ ẹ́, ẹni tí bùróò fi ń tọ́jú àwọn àlejò. Inú run òun náà. Ó ní oúnjẹ yẹn dùn, kò sí àyípadà kankan lẹ́nu òun, àfi ìgbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ òun." Kouassi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, vieux. Ọ̀gá mi fẹ́ kí ó yá, nítorí ìlú ń sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ Jímọ̀, mọ́tò yóò gbé e lọ sí Abidjan. Láti ibẹ̀, ó di ẹnubodè."

Ó jẹ́ kí n rí Sàfúrátù. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ètè rẹ̀ ti bó nítorí ọyẹ́. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Ẹ kú ààwẹ̀."

"A kú u. Sàfúrátù, ṣé o tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Nínú ààwẹ̀? Lọ́sàn-án gangan? Ha, ẹ̀gbọ́n! Bí ààwẹ̀ bá ti wọlé, ojú àti imú ni mo fi ń sebẹ̀. Ọwọ́ mi mọ iye iyọ̀ tó ń gbà."

"Nígbà tó o lọ kírun ọ̀sán ńkọ́?"

"Mo fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná. Mi ò pẹ́."

"Ta ló wọ kíṣínì?"

"Ẹnì kankan ò wọlé."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, kò sì fi nǹkan kan kún un. Mo ti jókòó ti àwọn òpùrọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń purọ́ láti gba ara rẹ̀ là, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán, á búra, á pe Ọlọ́run, á pe òkú ìyá rẹ̀. Ẹni tó ń purọ́ láti bo ẹlòmíràn ló máa ń sọ̀rọ̀ ṣókí. Ẹnì kan wọ kíṣínì yẹn, Sàfúrátù mọ̀ ọ́n, kò sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀.

"Sàfúrátù, ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Má fi ìka tìrẹ sílẹ̀ fún wọn."

"Mo ní ẹnì kankan ò wọlé, ẹ̀gbọ́n." Omi wá lé sí i lójú. "Ẹ sáà bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má lé mi. Ìyá mi ló di ẹrù nígbà tí wọ́n lé wa ní Ghana. Ta ni yóò di tèmi? Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ní ṣe ìlú mi, tí wọ́n bá já mi sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò mọ ọ̀nà ilé bàbá mi."

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo jáde kí n má bàa sọkún níwájú ọlọ́pàá.

*

Mùsíyé Perrin rù, ó sì níwà pẹ̀lẹ́. Ó fẹ́ dìde kí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì dá a padà.

"Ẹ sọ fún mi," mo ní, "báwo ni ọbẹ̀ ẹ̀pà yẹn ṣe rí lẹ́nu?"

"Ó korò. Ó korò bí egbòogi."

"Ẹ sì jẹ ẹ́?"

Ojú tì í díẹ̀. "Kí a tó wá, wọ́n kọ́ wa pé bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún wa nílẹ̀ Áfíríkà, a ò gbọdọ̀ yínmú, pé ó máa ń dun àwọn onílé. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tiẹ̀ ní ó dùn."

Ǹ bá ti rẹ́rìn-ín bí ara bá gbé e. Ọkùnrin wá láti ilẹ̀ Faransé, ìwà ọmọlúàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Ṣé ẹ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè?"

"Mo bi Thierry. Ó jókòó tì mí, àwo tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sè é níhìn-ín, pé kí n jẹ ẹ́ dáadáa, ó ń lé ibà."

"Ṣé ẹ rí i tó ń jẹ tirẹ̀?"

Ó ronú. "Mi ò wò ó. Oko ìrèké yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Wọ́n ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà máa ń dí, kò sí dókítà, kò sí fóònù. Bàbá, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé ènìyàn lè gbé ibẹ̀?"

"Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀," mo dá a lóhùn.

"Èmi ò lọ mọ́. Tí mo bá ti lè rìn, ilé ni mò ń lọ."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ọsibítù, eruku ọyẹ́ ń wọ̀ mí lójú. Ó ti pé ọdún bí mélòó kan tí Sàfúrátù ti ń bọ́ àwọn àlejò ilé yẹn, kò sí ẹni tó gbé inú dání rí. Ààwẹ̀ dé, méjì wó lulẹ̀. Ohun tí ọlọ́pàá rí nínú ìyẹn ni pé obìnrin Mùsùlùmí kórìíra aláìgbàgbọ́. Ohun tí èmi rí yàtọ̀. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ní oṣù mìíràn, Sàfúrátù yóò fi ṣíbí kan ẹnu, yóò ní, "Kí ló kó sínú ọbẹ̀ mi?" yóò sì dà á nù. Inú ààwẹ̀ nìkan ni ọbẹ̀ kíkorò fi lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sì lè jẹ ẹ́ tán láìpariwo ni àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ bí ọbẹ̀ ẹ̀pà ṣe ń dùn. Ẹni tó ṣe é mọ obìnrin náà, ó sì mọ àwọn àlejò.

Ti Thierry tún wá ta kókó. Ó sọ fún òyìnbó pé bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ ṣe ń korò, ó sọ fún ọlọ́pàá pé ọbẹ̀ dùn. Ọkùnrin yìí mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ lásán ni. Ta ló rán an?

*

Màdáàmù Adjoua, tó ni bùróò náà, fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú nígbà tí mo wọlé. Fáànù ń yí lórí wa, kò fẹ́ atẹ́gùn kankan.

"Ẹ bi mí ní ohun tó wù yín, vieux. Iṣẹ́ yìí ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí owó wa ti já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń wá ọ̀gá kò pọ̀ mọ́, oko ìrèké yẹn ló sì kù tó tóbi. Àwọn tó ń yá oko náà lówó ní àfi kí ẹsipatirié, ọ̀gá tó ti òkè òkun wá, máa ṣe olórí rẹ̀. Mo bá wọn mú ẹsipatirié wá. Wọ́n á ní àwọn ti ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀, àwọn ti ṣiṣẹ́ lórí òkun. Bí wọ́n bá ti rí Tiésso-Koro báyìí, wọ́n á bú sẹ́kún. Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan sọkún níwájú mi níbi tí ẹ jókòó sí yẹn."

Ìgbà náà ni Mùsíyé Yao wọlé, igbákejì rẹ̀, pẹ̀lú táì pupa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Àwọn Anago tún ti dé! Òyìnbó ń gba iṣẹ́ wa lókè, Anago ń gba ọjà wa nísàlẹ̀. Kí kálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀, ìlú á tòrò."

Mo rò ó pé ẹni tí mò ń wá ti dé. Ó kórìíra àlejò, Thierry wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, àyè dirẹ́tọ̀ sì ṣófo.

"Mùsíyé Yao," mo ní, "bí kò bá sí òyìnbó tó fẹ́ lọ, ṣé ẹ̀yin ni wọn yóò gbé síbẹ̀?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Èmi? Ní Tiésso-Koro?"

"Wọ́n ti fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pé ọmọ onílé lè dí àyè náà bí òyìnbó kò bá dúró," Màdáàmù dá sí i. "Ó kọ̀."

"Ìyàwó mi ní kí n kọ òun sílẹ̀ ná kí n tó lọ," Yao wí, ó sì tú táì rẹ̀ díẹ̀. "Vieux, mo fẹ́ràn ivoirité, pé ọmọ onílé ni kó ni ìlú, ṣùgbọ́n tèmi kò dé ibi tí iná mànàmáná kò dé."

Mo rẹ́rìn-ín tipátipá. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn rere, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ kò ní fi egbòogi lé ẹlòmíràn kúrò nídìí rẹ̀. Ńṣe ni yóò máa gbàdúrà kí òyìnbó pẹ́ níbẹ̀. Mo ti ń tẹ̀lé òórùn ẹnu rẹ̀, mo gbàgbé láti béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè.

"Màdáàmù, ta ló wá fẹ́ iṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ."

"Kò sí ẹnì kankan rárá?"

Ó ti fáìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àfi Thierry, àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Ó ti bẹ̀ mí títí. Ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ló ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n níbo ni kí n fi í sí? Kì í ṣe ọmọ Ivory Coast, n kò lè fi í sí àyè àwọn ọmọ onílé. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, kò lè jẹ́ ẹsipatirié. Kí ènìyàn tó jẹ́ ẹsipatirié, ó gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé ó ti Dougouba wá?"

Mo súnmọ́ tábìlì rẹ̀. "Dougouba ló ń gbé?"

"Anago bíi tiyín ni. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní mọ́ṣáláṣí, Ọlọ́run ṣeun. Ó ń bá wa lọ sí máàsì, òun àti àwọn àlejò ló jọ ń jẹun ọ̀sán."

"Kí lorúkọ bàbá rẹ̀?"

"Olabodé. Ó rin ìrìn àjò lọ sí Abidjan fún mi, ọ̀la ni yóò dé."

Ilé Ọlábọ̀dé kan ṣoṣo ló wà ní Dougouba. Mo rí abọ́ àkàrà lójú mi, mo rí ọwọ́ Tàjúdínì nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí inú fi ń lọ́ Mùsíyé Thierry. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù. N kò mọ ìgbà tí mo dé òpópónà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi kò dùn sí ohun tí mo rí yìí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé a máa yọ̀ bí okùn ọ̀rọ̀ bá ti tú sí i lọ́wọ́. Èmi fẹ́ lọ sùn.

*

Mo dúró de Tàjúdínì ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Àwọn èrò ti túká, òun nìkan ló kù ní àgbàlá, ó ń ká ẹní ìkírun rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ààwẹ̀." Ó dọ̀bálẹ̀.

"A kú u, Tàjúdínì. Àbí Thierry ni kí n máa pè ọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹní. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ọ̀gá rẹ. Kò mọ̀ pé àṣírí ni."

"Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é, Bàbá. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tá a wà yìí ló sọ mí ní Thierry. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó."

"N kò bá ti orúkọ wá. O sọ fún ọlọ́pàá pé o jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Ajé."

"Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní mò ń gbààwẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mi ò jẹ ẹ́, Bàbá. Ńṣe ni mo kàn ń fi ṣíbí rò ó káàkiri àwo."

"O ní inú run ọ́."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Kí wọ́n má bàa béèrè ìdí tí èmi ò fi ṣàìsàn."

Ìdáhùn wà fún gbogbo rẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ká ní ibẹ̀ ni ó mọ ni, ǹ bá gbà á gbọ́. Mo fẹ́ gbà á gbọ́.

"Perrin ní òun sọ fún ọ nídìí tábìlì pé ọbẹ̀ korò."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀.

"Láti kékeré lo ti ń jẹ ọbẹ̀ Sàfúrátù. Ká ní o kò mọ nǹkan kan, wàá ní, 'Ó korò kẹ̀?' Wàá sáré lọ pè é. Dípò bẹ́ẹ̀, o ní kí ọkùnrin náà jẹ ẹ́ dáadáa, pé ó ń lé ibà. Nígbà tí ọlọ́pàá sì bi ọ́, o ní ó dùn. Ta ló ń sọ pé ọbẹ̀ kíkorò dùn, Tàjúdínì, bí kò ṣe ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú nípa ìkorò rẹ̀?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kí ó kú. Egbòogi ìyàgbẹ́ lásán ni, èyí tí màmá mi máa ń rà lọ́jà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, Bàbá. Ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èmi ni mo ń mú wọn lọ wo Tiésso-Koro. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fún ìrèké kọṣẹ́ níbẹ̀, ará Bẹ́ljíọ̀mù yẹn dúró, ó ń wò ó. Èmi ni mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, tí mo wọ abẹ́ rẹ̀, tí mo tún un ṣe. Ó ní, 'Mẹ̀rsí, Thierry,' ó lọ fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Mi ò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Mi ò bẹ̀rù òkùnkùn. Mo rò ó pé bí òyìnbó bá tán, wọ́n á wò yíká, wọ́n á sì rí mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi náà mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn wà níwájú wọn kí wọ́n má rí i. Ṣùgbọ́n Sàfúrátù wà lórí sìmẹ́ńtì.

"O kò lè fi ṣíbí kan ẹnu kí ààwẹ̀ rẹ má bàa bàjẹ́," mo ní. "Ṣùgbọ́n o lè bu egbòogi sínú ìkòkò tí obìnrin fi sílẹ̀ lórí iná kí ó lè lọ kírun. Irú ààwẹ̀ wo nìyẹn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọkún. N kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"O wọ kíṣínì, o kí i kú ààwẹ̀ bí ìṣe rẹ kí ó tó lọ kírun. Ó rí ọ. Mo bi í pé ta ló wọlé, ó ní ẹnì kankan ò wọlé. Ọlọ́pàá bi í, ohun kan náà ló sọ. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀?"

Ó mi orí.

"Bí ó bá ní Tàjúdínì wá kí òun kú ààwẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé Thierry ń gbààwẹ̀, iṣẹ́ rẹ á sì bọ́. Kò fura sí ọ rárá. Ńṣe ló ń fi ara rẹ̀ bo iṣẹ́ rẹ, láàárọ̀ ọ̀la wọ́n á sì tìtorí ẹ̀ gbé e dé ẹnubodè."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Mo lè lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Kouassi. Yóò gbọ́, ọ̀gá rẹ̀ kò ní gbọ́. Anago kan ní Anago kan kọ́ ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ ẹnu tìrẹ nìkan ni wọ́n lè gbà. N kò ní fà ọ́ lọ. Agbára rẹ̀ ò tiẹ̀ sí lára mi."

Ó dìde, ó gbé ẹní náà fún mi kí n bá òun tọ́jú rẹ̀. A jọ rìn lọ sí kọmisáríà ọlọ́pàá, ó ń rọra rìn nítorí orúnkún mi.

*

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ lédè Faransé, kò fi nǹkan kan pamọ́. Kouassi ń kọ ọ́.

"Orúkọ?"

"Tàjúdínì Ọlábọ̀dé."

"Wọ́n bí ọ síbo?"

"Bouaké. Nílé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ọjà."

"Ọmọ orílẹ̀-èdè wo?"

Tàjúdínì la ẹnu, ó wò mí, ó tún wo Kouassi. Kouassi kò dúró, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Màdáàmù Adjoua dé, ẹnì kan ti sáré lọ sọ fún un. Ó wo Tàjúdínì, ó mi orí, ó sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Vieux, wọ́n fóònù mi láti Abidjan. Bí n kò bá rí dirẹ́tọ̀ fún wọn kíákíá, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹ mọ ènìyàn púpọ̀. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, tó lè fara da ibẹ̀?"

"Màdáàmù," mo ní, "ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ lọ síbẹ̀ tọkàntọkàn ló jókòó lẹ́yìn yín yẹn."

Kò yíjú padà wò ó. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó tún un pa dé.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. Sàfúrátù jáde, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ọlọ́pàá kan tẹ̀lé e. Kouassi sọ fún un lédè Jùlá pé ó lè máa lọ, pé wọ́n ti rí ẹni tó ṣe é. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ kí ó tó gbọ́ orúkọ ẹni náà. Nígbà tó gbọ́, ó yíjú sí àwọn bẹ́ǹṣì, ó wá ojú Tàjúdínì títí ó fi rí i.

"Ìwọ?"

Tàjúdínì dojú bolẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, níwájú ọlọ́pàá, níwájú Màdáàmù, níwájú gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ láti wá fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú wọn. "Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ forí jì mí." Ó ń pariwo rẹ̀ lédè Yorùbá. Àwọn tó tò yọrùn. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo àwọn Anago."

Mo ń dúró kí Sàfúrátù gbé e ṣépè. Ìbá tọ́ sí i. Ọ̀fun tèmi gan-an ti kún fún èpè, n kò kàn mọ ẹni tí ǹ bá dojú rẹ̀ kọ.

Sàfúrátù bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan mú un léjìká. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Dìde," ó sọ fún un jẹ́jẹ́. "Tàjúdínì, dìde. Wọ́n ń wò wá."